Ṣé bí ènìyàn ṣe ń mí nìkan lè mú kí àyà fún un, kí ọwọ́ sì máa kú tipiri?

Aránṣọ Ìta Ẹlẹ́wà

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí Iléyá ti kọjá, mi ò sì lè dá a gbé mọ́.

Ìta Ẹlẹ́wà ní Ìkòròdú ni mo ti ń ránṣọ. Ẹni ọdún 41 ni mí, ó sì ti tó ọdún 19 tí mo ti ń jókòó sídìí máṣíìnì. Kí Iléyá tó dé lọ́dún yìí, aṣọ ẹbí bíi 60 ló wà nílẹ̀, èmi àti ọmọṣẹ́ méjì péré la sì wà nídìí ẹ̀. Nígbà tí ọdún ku ọjọ́ mẹ́ta, ní nǹkan bí aago 11 alẹ́, mò ń ran síìpù mọ́ ẹ̀yìn gáùn léèsì kan, àfi bíi pé ẹnìkan fi ọ̀já di àyà mi pinpin. Mo mí kanlẹ̀, èémí náà kò dé ìsàlẹ̀. Mo tún mí kanlẹ̀. Bí mo ṣe ń fà á ni ó ń ṣe mí bíi pé kò tó. Kí n tó mọ̀, ètè mi ti ń ta mí wìnnìwìnnì, ìka ọwọ́ mi méjèèjì ti kú tipiri, abẹ́rẹ́ tí mo mú dání ti jábọ́, mi ò tiẹ̀ mọ̀. Òòyì kọ́ mi. Mo figbe ta pé mò ń kú lọ.

Òru yẹn ni wọ́n gbé mi dé ilé ìwòsàn. Wọ́n fi nǹkan kékeré kan há mi níka, ó kọ 99. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi láyà, wọ́n ní ọkàn mi ń lù dáadáa. Wọ́n yẹ ìfúnpá wò, kò sí ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi pé. Wọ́n ní kí n lọ sinmi. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, ó tún ki mí mọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ní Majidun, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Mo tún sáré padà lọ, ohun kan náà ni wọ́n sọ.

Àbúrò ìyá mi ní ọwọ́ ayé ni. Ọkọ mi ní àìsùn ni. Èmi gan-an ò mọ èwo ni kí n mú, títí ọmọṣẹ́ mi kékeré fi sọ ọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ kan: "Àǹtí, ẹ kì í mí tí ẹ bá ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́." Mo ní irọ́ ni. Mo wá ń ṣọ́ ara mi. Òótọ́ ló sọ. Bí mo bá ti fi itọ́ pa orí òwú, tí mo gbé abẹ́rẹ́ sókè síbi tí iná wà, èémí mi dúró nìyẹn, kò sì ní padà títí òwú yóò fi wọlé. Bí mo bá fẹ́ ki sísọ́ọ̀sì bọ léèsì olówó gọbọi, bákan náà ni. Tó bá wá ń padà bọ̀, ẹnu ni mo fi ń gbà á, gbàà, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí lódò. Lẹ́yìn náà, ìmí ẹ̀dùn lọ́tùn-ún, ìmí ẹ̀dùn lósì. Àwọn oníbàárà a máa bi mí pé kí ló dé, ta ló ṣẹ̀ mí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá mo jókòó jẹ́ẹ́, mo fi fóònù ka èémí mi. 26 ni mo mí láàárín ìṣẹ́jú kan. Bẹ́ẹ̀ mi ò sáré, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà.

Ṣé bí ènìyàn ṣe ń mí lásán lè fa gbogbo èyí? Tó bá lè fà á, kí ló dé tí bí mo bá ṣe ń fa afẹ́fẹ́ sí i ni ó ń burú sí i? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lóye.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìgbógbó

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ọdún 33 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ìgbógbó níbí. Irú rẹ tí mo ti gbà lóru kò lóǹkà, inú sì máa ń bí mi tí wọ́n bá kàn ní kí ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sinmi láìṣàlàyé ohunkóhun fún un.

Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́, 12 sí 20 ló yẹ kó mí láàárín ìṣẹ́jú kan. 26 ti pọ̀ jù. O ń rò pé bí o bá ṣe ń mí sí i ni ọ́síjìn ṣe ń wọlé sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. 99 tí wọ́n kà níka rẹ yẹn ń sọ pé ọ́síjìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ẹ̀jẹ̀ rẹ dẹ́nu. Ibo lo tún fẹ́ rọ òmíràn sí? Ohun tí mímí gúlegúle ń ṣe ni pé ó ń lé afẹ́fẹ́ kejì jáde, èyí tí à ń mí síta, carbon dioxide. Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé ìdọ̀tí ni, a sì gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ara nílò rẹ̀ níwọ̀n. Bó bá lọ sílẹ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ a sún kì: òòyì dé. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní calcium, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, náà a dínkù: ètè a máa ta, ìka a kú tipiri, ọwọ́ ẹlòmíràn tiẹ̀ máa ń ká kò. Ẹ̀rù a wá bà ọ́, ẹ̀rù a mú kí o túbọ̀ máa mí, èémí náà a sì lé èyí tó ṣẹ́ kù jáde. Ìdí tó fi ń burú sí i nìyẹn.

Ìjókòó rẹ náà wà níbẹ̀. Iṣan kan wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, òun ló pààlà sáàárín àyà àti ikùn, òun ló sì ni iṣẹ́ èémí. Ẹni tó bá tẹ̀ sórí máṣíìnì láti àárọ̀ ti ká ikùn rẹ̀ lé e, kò ráyè sọ̀kalẹ̀. Ọrùn àti èjìká ló máa wá máa ràn án lọ́wọ́. Ṣé èjìká kì í ro ọ́ lálẹ́?

Nígbà tó o bá fẹ́ sùn, dùbúlẹ̀, kọjú sókè. Gbé ọwọ́ kan lé àyà, èkejì lé ikùn. Fi imú fa èémí, ka 1 dé 4. Ọwọ́ orí ikùn nìkan ni kó gbéra. Tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ka 1 dé 6. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan lo fi ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, èémí 6 ló máa wà nínú ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú 5 láàárọ̀, 5 lálẹ́. Má fà á tagbáratagbára. Lọ́dún 2001, Luciano Bernardi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde láti Ítálì nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ. Wọ́n ní kí ènìyàn 23 ka rosary, àdúrà onílẹ̀kẹ̀ àwọn Kátólíìkì, ní èdè Látìn, èémí wọn sì rọra bọ́ sí nǹkan bí 6 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìlù ọkàn wọn sì ń bá èémí náà rìn. Àtìgbà tí mo ti ka ìyẹn ni n kì í sáré ka ìlẹ̀kẹ̀ mi mọ́.

Bí ó bá tún ki ọ́ mọ́lẹ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àpò bò ọ́ lẹ́nu pé kí o máa mí sínú ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àsímà tàbí ọkàn ni, ìyẹn lè pààyàn. Bí àyà bá sì ń dùn ọ́ tó ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, bí ètè bá ń dúdú, bí àyà bá ń han, tàbí tí o ò lè sọ gbólóhùn kan tán, fi kíkà sílẹ̀, ilé ìwòsàn ni.

Imú rẹ ńkọ́? Kí ló dé tó jẹ́ ẹnu lo fi ń mí?

Ọmọ Baiyeku

Ẹ káàárọ̀, àǹtí. Ẹ káàárọ̀, màmá. Ohun tí màmá sọ nípa afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta yẹn, ojú mi ló ṣe.

Mo wa yanrìn nínú ọ̀sà níbí fún ọdún 6. Àkàsọ̀ onígi la máa ń rì sínú omi láti inú ọkọ̀. Wàá gbá garawa mú, wàá tẹ àkàsọ̀ sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ níbi tí ojú ò ti ríran rárá, wàá bu yanrìn, wàá gòkè. Láti àárọ̀ dọ̀sán. Àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́ ní kí á tó wọlé, kí á mí kíákíá, kó pọ̀, bíi 20, 30, pé à ń kó afẹ́fẹ́ pamọ́. Lóòótọ́, tí o bá ṣe é, o máa pẹ́ nísàlẹ̀, àyà ò ní ni ọ́ lára. A rò pé agbára ni.

Ọ̀kan nínú wa wọlé báyẹn lọ́jọ́ kan, kò jáde. Nígbà tí a wọ inú omi lọ bá a, ó ti dákú, ọwọ́ rẹ̀ ṣì há mọ́ garawa. A rí i gbé sókè, ó yè, ṣùgbọ́n kò wa yanrìn mọ́.

Ìgbà tí mo wá lọ kọ́ iṣẹ́ ìdóòlà ẹ̀mí lórí omi ni olùkọ́ wa tó là á yé mi. Ohun tó ń ké nínú ọpọlọ pé "gòkè, wá mí", kì í ṣe ọ́síjìn ló ń ṣọ́ jù. Carbon dioxide ló ń ṣọ́. Tí o bá ti mí gúlegúle lé e jáde tán kí o tó wọlé, kò ní ké. Ọ́síjìn a máa tán lọ, o ò ní mọ̀, ojú a kàn ṣú. Inú omi sì lo wà.

Àǹtí, orí ilẹ̀ ni tiyín, ẹ ò lè rì. Ṣùgbọ́n èémí kan náà ni. Nígbà tí ẹ kọ ọ́ pé "bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí lódò", ara mi bù máṣọ.

Baba Àgbòwá

Mo kí gbogbo yín. Mi ò ta ko màmá o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Ìyàwó mi náà ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó bá gun àtẹ̀gùn márùn-ún á dúró. Wọ́n ní ìrònú ló pọ̀ jù fún un. Oṣù mẹ́rin la fi ń wò ó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wá fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀. Jẹjẹrẹ kọ́ o, iju inú ilé ọmọ ló ń jẹ́ kí nǹkan oṣù rẹ̀ máa ya. Aránṣọ, ti yín dára torí pé wọ́n ti yẹ̀ yín wò. Ẹlòmíràn tó ń ka èyí, kó kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò ná.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìgbógbó

Baba, òótọ́ pọ́nńbélé. Ẹ bá mi kí ìyàwó.

Aránṣọ Ìta Ẹlẹ́wà

Ẹ ṣé mà. Imú mi ń dí láti ìgbà ọyẹ́. Oògùn kan tí wọ́n ń kán símú ni wọ́n tà fún mi ní kẹ́mísì, mo sì ń kán an láràárọ̀ lálaalẹ́ títí di òní. Tí n ò bá kán an, imú dí pátá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìgbógbó

Ọyẹ́! Ọmọ mi, oògùn yẹn gan-an ló ń dí i báyìí. Èyí tó ń la imú lójú ẹsẹ̀ kò yẹ kó ju ọjọ́ mélòó kan lọ; bó bá pẹ́, tó bá ti ń kúrò lára ni ẹran inú imú máa ń wú padà. Kán an sí ihò kan ṣoṣo fún ìgbà díẹ̀, fi èkejì sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí o fi àwọn méjèèjì sílẹ̀. Omi iyọ̀ tí wọ́n ń tà fún imú kò léwu. Bó bá kọ̀, rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Imú ló ń gbọn eruku kúrò, tó ń mú kí afẹ́fẹ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹnu ò níṣẹ́ yẹn. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kí o lẹ ẹnu pa sùn o, pẹ̀lú imú tó dí!

Aránṣọ Ìta Ẹlẹ́wà

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí. Mo ní kí n padà wá jíṣẹ́.

Ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ tí mo fi oògùn imú sílẹ̀, mo jìyà. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì lóru, mi ò lè dùbúlẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, ihò ọ̀tún là. Ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n mí.

Ìmí orí ikùn yẹn, ó ṣòro ju bí mo ṣe rò lọ. Alẹ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ tó wà láyà nìkan ló ń gbéra, tikùn dúró bí òkúta. Ọmọ mi obìnrin ló gbé ìwé ìṣirò rẹ̀ lé mi níkùn pé kí n gbé ìwé náà sókè. Ìyẹn ló jẹ́ kó yé mi. Nígbà tí mo kà á lánàá, èémí mi jẹ́ 15.

Ó tún gbé ọwọ́ rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan, ní ọjà Sábó, láàárín èrò. Àyà mi fún, ètè bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Mo fẹ̀yìn ti ògiri ṣọ́ọ̀bù kan, mo ní n ò ní fa ohunkóhun. Mo kàn ń tú u síta díẹ̀díẹ̀ ni, bí ẹni ń fẹ́ ọbẹ̀ gbígbóná. Mo ronú kan garawa ọmọ Baiyeku yẹn. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìka mi padà. Mo ra bọ́tìnì tí mo wá rà, mo lọ sílé.

Ti abẹ́rẹ́ ló kù. Ọdún 19 kì í ṣe ọjọ́ kan. Mo ti kọ́ ara mi pé ìgbà tí mo bá ń mí síta ni kí n máa ki òwú bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ bá ti wọra, mo ń gbàgbé. Mo wá ní kí ọmọṣẹ́ mi kékeré máa ṣọ́ mi. Tó bá ti rí i pé mo ti sé e, á fi ìka kan orí máṣíìnì lẹ́ẹ̀kan, kò ní sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, kò yéé kàn án láti àárọ̀ títí a fi ti ṣọ́ọ̀bù. Lánàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni.