Ògiri yàrá wa ń bó, owó ò sì tó. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyàwó Ìpájà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Èmi àti ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Ìpájà níbí, yàrá àti pálọ̀ tó ní ilé ìdáná àti balùwẹ̀ tirẹ̀. Ilé àkọ́kọ́ tí a ó dá gbé nìyí látìgbà tí a ti ṣègbéyàwó. Owó éjéǹtì àti ti àgírímẹ́ǹtì ti gbá àpò wa mọ́. Èyí tó kù ò ju ₦200,000 lọ, inú ẹ̀ la ti máa ra ọ̀dà, kọ́tìnì, àga àti nǹkan tí a ó tẹ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì àti fóòmù nìkan la kó wá.

Ìyọnu ibẹ̀ ni ògiri yàrá. Láti ilẹ̀ títí dé orúnkún mi, ọ̀dà rẹ̀ ti wú, nǹkan funfun bí iyọ̀ ń hù lára ẹ̀, tí ìgbálẹ̀ bá sì kàn án báyìí, á dà wàràwàrà sílẹ̀. Ọkọ mi ní ká ra wallpaper olódòdó ká fi bò ó, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọkàn mi ò gbà á. Oyún mi ti wọ oṣù karùn-ún, ìyá ọkọ mi ló sì ń bọ̀ wá bá wa wẹ ọmọ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n wọlé kí wọ́n máa wo ògiri, kí wọ́n tún máa wò mí.

Pẹ́ńtà Agége
Ìyàwó wa, ẹ má lẹ wallpaper mọ́ ògiri tó ń rin. Gọ́ọ̀mù ò ní dì í mú, ẹ̀yìn bébà yẹn ló sì máa ti bu. Òórùn ẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀dà olóròóró kùn ún. Á dán fún ìgbà díẹ̀, pẹ́ńtà á ti gbowó lọ, omi tí ò rọ́nà jáde á tún gbé gbogbo ẹ̀ wú.

Ẹ ṣe báyìí ná. Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó ń rin, kí etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dì pa. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Tí omi bá wà lójú ọ̀rá, lápá ọ̀dọ̀ yín, ooru inú yàrá ló ń di omi, ẹ máa ṣí fèrèsé dáadáa. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ọ̀rá ló ti rin, a jẹ́ pé inú ògiri lomi ti ń bọ̀. Kí ló wà lódì-kejì ògiri ọ̀hún?

Ìyàwó Ìpájà
Balùwẹ̀ àwọn tá a jọ ń gbélé ni, sà.

Pẹ́ńtà Agége
Ẹn-ẹ́n! Àwọn ògiri yòókù ńkọ́, ṣé wọ́n gbẹ? Tó bá jẹ́ ìpìlẹ̀ ló ń fa omi, kì í sábà mú ẹyọ ògiri kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ èyí nìkan, páìpù ló ń jò tàbí kí àárín tíléèsì balùwẹ̀ ti là. Púlọ́ńbà ló kàn, kò tíì kan èmi. Ẹ̀yìn ìgbà tí omi bá dáwọ́ dúró ni bíríkìlà máa tó ha gbogbo rírẹ́ ibẹ̀ dànù títí á fi kan búlọ́ọ̀kù, kó sì fi bí ẹsẹ̀ bàtà kan kọjá ibi tí omi dé. Kó jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Tó bá fẹ́ tún un rẹ́, kó po oògùn tí kì í jẹ́ kí omi wọlé mọ́ sìmẹ́ńtì. Rírẹ́ tuntun fẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ọ̀dà tó kàn án. Ẹ ṣì ráyè, oyún oṣù márùn-ún ṣì kù díẹ̀.

Bọ̀bọ́ Ìyànà
Ilé onílé lẹ fẹ́ máa kó owó yín lé lórí báyìí? Ẹ kó jáde jàre.

Ìyá Ìbejì
Ṣé ìwọ lo máa san owó éjéǹtì míràn fún wọn? Gbẹ́nu dákẹ́.

Àbúrò Lọ́yà
Ọ̀rọ̀ bọ̀bọ́ yẹn ní ìdí ọ̀rọ̀ nínú ṣá. Ẹ má ná kọ́bọ̀ kan sára ògiri yẹn kí ẹ tó kọ̀wé sí onílé. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rí i, ẹ ní kó wá tún un ṣe, tàbí kó gbà kí ẹ yọ owó ẹ̀ nínú owó ilé ọdún tó ń bọ̀. Òfin ilé yíyá Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 sọ pé ayálégbé tó bá tún ilé ṣe lè béèrè owó gbà-má-bínú tí onílé bá ní kó kó jáde, àfi tí àgírímẹ́ǹtì bá sọ ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n ó di dandan kí onílé ti fọwọ́ sí i ṣáájú, kó sì wà ní kíkọ sílẹ̀. Ti “mo sọ fún Alhaji, Alhaji ní kò burú” ò tó. Òfin náà yọ Àpápá, Ìkẹjà GRA, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀, àmọ́ ó kàn yín ní Ìpájà. Ẹ tún àgírímẹ́ǹtì yín kà.

Ìyá Ìbejì
Ìyàwó, ìwọ gan-an kọ́ ló máa ha ọ̀dà yẹn o. Òjé máa ń wà nínú ọ̀dà àtijọ́, eruku ẹ̀ ò dáa fún aboyún àti ọmọ inú. Kí ọkọ ẹ fi omi rin ín kó tó ha á, kó bo imú, kí ìwọ lọ kí àwọn ara ilé ẹ lọ́jọ́ yẹn.

Ní ti kọ́tìnì, ọjà Kàtáńgúà ní Abúlé Ẹ̀gbà ni kó o lọ, kò jìnnà sí yín. Òkìrìkà ibẹ̀ máa ń nípọn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Gbé e sókè síwájú oòrùn kó o tó nájà, ibi tó bá ti sá á hàn síta. Wọn fèrèsé ẹ kó o tó kúrò nílé, kí aṣọ fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní ṣẹ́ po, á kàn fà tan-in. Bó o bá délé, omi gbígbóná ni kó o fi fọ̀ ọ́.

Àga àlòkù dáa, ṣùgbọ́n dojú ẹ̀ bolẹ̀, fi iná fóònù wo gbogbo ojú rírán àti ìgun pákó. Tó o bá rí àmì dúdú tínńtín-tínńtín, ìdun ni. Má bá wọn ná an rárá. Èmi tí ìdun ti lé jáde nílé rí ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀.

Ìyàwó Ìpájà
Ẹ ṣé gan-an o, ẹ̀yin àgbà. A ti wò ó, ẹ̀yìn ọ̀rá ló rin, àwọn ògiri tó kù gbẹ. Onílé ti fèsì lórí WhatsApp: òun á mú púlọ́ńbà àti bíríkìlà wá, àmọ́ ọ̀dà ò kan òun. Ọkọ mi ti gba fún Ọlọ́run lórí wallpaper. Ìbéèrè méjì ló kù. Ọ̀dà mélòó la máa rà? Ṣé mo sì lè gé ìpèlé aṣọ òkè ìgbéyàwó mi fi rán èpo timùtimù fún pálọ̀?

Pẹ́ńtà Agége
Tí yàrá yín bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ní méjìlá, rọ́bà ńlá kan, onílítà 20, á kun yàrá àti pálọ̀ lẹ́ẹ̀méjì. Ẹ fúnra yín ni kí ẹ rà á, kí ẹ ṣí i lójú pẹ́ńtà, torí àwa kan wà tá a máa ń fi omi lù ú. Ọ̀dà tó bá gbẹ tán tó ń funfun sí yín lọ́wọ́, ayédèrú ni. Kírímù ni kí ẹ kùn, pálọ̀ onífèrèsé kan ò fẹ́ àwọ̀ tó ṣú. Ẹ kun pálọ̀ ná, kí ẹ dúró de yàrá.

Ìyá Ìbejì
Gé ìpèlé kẹ̀? Kí lo fẹ́ gbé léjìká lọ́jọ́ ìkómọ? Lọ bá télọ̀ àdúgbò yín, àjákù ańkárá ń bẹ lábẹ́ máṣíìnì wọn tí wọ́n ń wá ẹni tó máa bá wọn kó o. Àjákù fóòmù náà wà, wọ́n ń tà á ní àpò-àpò, òun ni kó o kì sínú ẹ̀. Tí o ò bá mọ abẹ́rẹ́ fi ràn, kí télọ̀ yẹn náà bá ẹ rán an. Má ṣe ju mẹ́rin lọ, ìyá ọkọ ẹ máa fẹ́ ibi tí wọ́n máa jókòó.