"Eyín Ló Ń Hù"

Ìyá Mofẹ́ (Ìbàdàn):
Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni Mofẹ́ nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru mú un. Láàárọ̀ Fráídé ló bẹ̀rẹ̀, èébì sì tẹ̀ lé e. Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní, "Ìyàwó, fọkàn balẹ̀, eyín ló ń hù." Mo fọwọ́ tọ́ èrìgì ọmọ wò, ó le kankan, lèmi náà bá gbà.

Mi ò kàn jókòó lásán o. Mo da ORS kan (iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru) sínú pure water méjì, ìyẹn lítà kan, mo ń fi ṣíbí tíì fún un díẹ̀díẹ̀. Tó bá bì í, mà á sinmi bí ìṣẹ́jú 10, mà á tún bẹ̀rẹ̀. Mo fún un ní zinc, òògùn tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ọyàn ò sì dáwọ́ dúró.

Nígbà tó di Sátidé, ìgbẹ́ dínkù. Màmá ní Olúwa ṣeun. Èmi náà ń dúpẹ́, torí pampers tí mo wọ̀ fún un láago mẹ́fà àárọ̀ ṣì gbẹ ní aago méjì ọ̀sán. Ẹ wo ohun tí mò ń dúpẹ́ lé lórí! Omi ló ti tán lára ọmọ. Ó ń sunkún, omijé ò jáde. Mo gbé ṣíbí sí i lẹ́nu, ó kàn ń wò mí, ORS ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu jáde.

Nọ́ọ̀sì kan ń gbé yàrá kejì sí wa. Ó fi ìka méjì fa awọ ikùn ọmọ sókè, ó fi í sílẹ̀. Awọ ọ̀hún dúró ṣóńṣó, ó pẹ́ kó tó padà. Ó fọwọ́ kan àwùjẹ̀ rẹ̀, ó ti jìn wọnú. "Ẹ gbé e, ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ má pààrọ̀ aṣọ. Ẹ fi ọyàn sí i lẹ́nu lọ́nà."

Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ní èkejì, wọn ò rí iṣan lọ́wọ́, wọn ò rí i lẹ́sẹ̀, orí ni wọ́n ti ráyè fa omi sí i. Màmá wo ibi tí wọ́n ti fá irun ọmọ ọmọ wọn, wọn ò dárúkọ eyín mọ́. Nígbà tó tọ̀ sí mi lára lóru, ńṣe ni mo ń rẹ́rìn-ín. Eyín ọ̀hún, oṣù kọkànlá ló tó yọ.

Bàbá Dámi (Abẹ́òkúta):
Tiwa, gìrì ni. Ọmọ ọdún méjì, ara rẹ̀ ti gbóná láti àárọ̀. Àfi kó na gan, ojú yí sókè. Àwọn aládùúgbò ti mú ṣíbí dé, ẹnì kan ti ń béèrè ìtọ̀ màlúù. Mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Mo fẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo wo aago. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, àmọ́ lójú mi, ó tó ọdún mẹ́ta. Ó ti lajú, ó ti ń sunkún ká tó dé ọsibítù, síbẹ̀ wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: ibà ni. Ìyàwó mi ti fẹ́ ká sùn kílẹ̀ mọ́ ná.

Ìyá Tuntun (Ìkòròdú):
Ìyá Mofẹ́, ẹ ò fún un ní òògùn eyín? Wọ́n ń yọ mí lẹ́nu pé kí n rà á.

Ìyá Mofẹ́:
Rárá o. Mo rántí ti 2008, òògùn eyín olómi tí kẹ́míkà olóró wà nínú rẹ̀, tó pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Báyìí, tí ara ọmọ bá ti ń ṣe bákan, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ni mo máa ń kọ ọ́ sí: aago tó tọ̀, aago tó mu nǹkan. Màmá gan-an ló ń mú bírò wá.