"Sick" ti aláìsàn, "sick" ti bàtà: ẹ bá mi dá sí i, ẹ̀yin ará UK

Àdùkẹ́, Manchester
Ẹ kú ilé o. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe níbí, mi ò sì tíì pẹ́ dé. Kì í ṣe pé mi ò gbọ́ Òyìnbó. Òun ni mo fi ń kọ́ ọmọ níléèwé n'Íbàdàn. Àwọn ọ̀rọ̀ tí mo ti mọ̀ láti jẹ́lé-ó-sinmi gan-an ló ń dà mí lọ́kàn rú. Màmá kan ní òun "has been sick" lóru. Mo wá ibà títí, ara ìyá ò gbóná. Mo wọ bọ́ọ̀sì, ọmọkùnrin kan ní bàtà ọ̀rẹ́ òun "sick", inú ẹlẹ́bàtà ń dùn! Olórí wa tún tọ́ ọbẹ̀ mi wò, ó ní "dead good". Ikú wo ló wọnú ẹ̀fọ́ rírò? Báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tí wọ́n ń sọ?

Ìyá Ìbejì, Bolton
Àdùkẹ́ ọmọ mi, káàbọ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fi dàgbà síbí, torí náà gbọ́ eléyìí kó o tó kọ nǹkan sínú ìwé màmá: "been sick" ni pé ó bì. Bi í pé ìgbà wo, kí ló sì jẹ. "Feel sick", èébì ló ń gbé e. "Off sick", àìsàn ni ò jẹ́ kó wá síbi iṣẹ́. Kí ara kàn máa ṣe èèyàn, "poorly" làwọn àgbà ibí ń pè é. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni kó o máa wò, àti ẹnu tó ti jáde.

"Dead" yẹn, "gan-an" ni, ọbẹ̀ ẹ dùn. Bí wọ́n bá pè ẹ́ wá jẹ "tea", má gbé ife dání o, oúnjẹ alẹ́ ni. Bí ìyá àgbà kan bá fẹ́ "spend a penny", tètè mú un lọ tọ̀: láyé àtijọ́, pẹ́nì kan lèèyàn ń jù sára ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìgboro kó tó ṣí.

Ọmọ Peckham
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, wọ́n yin bàtà yẹn ni. "Wicked" náà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ má sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ bọ́ọ̀sì, wọ́n á ní ti àwọn òbí wa ni. "Bare people", èrò pọ̀ níbẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó wà níhòòhò. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Kàríbíànì ní Lọ́ńdọ̀nù la ti kó púpọ̀ nínú irú ẹ̀. Màmá mi ò tíì gbà fún mi.

Baba Houston
Lọ́dọ̀ yín "pants" ni pátá, ṣòkòtò ni níbí l'Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n mi wá kí mi láti Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀gá mi ní òun "pissed", ẹ̀gbọ́n ń fimú wá ọtí. Inú ló ń bí ọ̀gá! Tíṣà, fara balẹ̀: nínú Oxford English Dictionary ti 1989, "set" nìkan ní ìtumọ̀ tó lé ní 400.

Àdùkẹ́, Manchester
Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé sà. Ìyá bì lóòótọ́, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Bolton
Ó ku ọ̀kan. Má sọ fún òyìnbó pé kó "flash" ẹ o! Lọ́dọ̀ wa, kí fóònù dún lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n gé e ni. Níbí, ẹni tó ṣí ìhòòhò han èèyàn ni, ọlọ́pàá á sì gbé e. Tó o bá fẹ́ kó pè ẹ́, "give me a ring" ni kó o sọ. Kì í ṣe òrùka.