Ṣé ewéko yó ni, àbí ìmọ́lẹ̀ ló tó?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a fi "àyó ìmọ́lẹ̀" pe ibi tí ewéko tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣoúnjẹ bá dé, tí àfikún ìmọ́lẹ̀ ò lè mú iṣẹ́ rẹ̀ yá sí i mọ́. Èmi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ gé ẹ̀ka Elodea, ewéko inú omi, ẹ dorí rẹ̀ kodò sínú omi, kí ẹ tan iná sí i. Ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ tó ń jáde bí ewéko ṣe ń ṣoúnjẹ, á máa yọ róbótó-róbótó lójú ibi tí ẹ gé, á máa tò lọ sókè. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Jan Ingenhousz ti rí irú rẹ̀ lára ewé inú omi ní 1779: lójú oòrùn ó ń yọ, nínú òkùnkùn ó dáwọ́ dúró. Bí ẹ bá sún gílóòbù kékeré láti 40 sẹ̀ǹtímítà sí 20, ìmọ́lẹ̀ tó ń bà á á di ìlọ́po mẹ́rin, yíyọ náà á sì yára. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ife omi sáàárín, kí ooru iná má baà dá sí i.) Ẹ sún un sí i, ó di ibì kan, kò yára mọ́.

Ibẹ̀ ni "àyó" ti ń ṣini lọ́nà. Ẹni tó yó kì í fẹ́ nǹkan mọ́. Ẹ wá bu sódíọ̀mù baikabónéètì díẹ̀ sómi náà, kí ewéko lè rí kábọ́ńdáyọ́ksáídì, afẹ́fẹ́ tó fi ń ṣoúnjẹ, sí i: ọ́síjìn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yọ! Ebi ṣì ń pa á, ohun mìíràn ló ṣọ̀wọ́n. F. F. Blackman, onímọ̀ nípa ewéko, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1905 pé ohun tó bá ṣọ̀wọ́n jù lọ ló ń pinnu bí iṣẹ́ náà ṣe máa yá tó.

Ìmọ́lẹ̀ ló tó. Mo kọ́kọ́ ro "àtó", ṣùgbọ́n bí àmì bá bọ́ lórí rẹ̀, gbogbo wa mọ ohun tí wọn á kà á sí. "Tító ìmọ́lẹ̀" ni kí a mú.

"Agbára ìmọ́lẹ̀" fún bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó náà ò tẹ́ mi lọ́rùn, torí agbára ti níṣẹ́ tirẹ̀ nínú físíìsì. A máa ń sọ pé oòrùn mú, nítorí náà "mímú ìmọ́lẹ̀". Èyí tó mú kọjá ààlà, tó ń ba ewé jẹ́, ẹ jẹ́ kó dá dúró ní "àpọ̀jù ìmọ́lẹ̀".

Ó ku ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti kéré, tí ọ́síjìn tí ewéko ń ṣe kò ju èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń mí lọ. "Ojú ìdọ́gba" ni mo ní lọ́wọ́. Ta ló ní èyí tó sàn jù ú lọ?