Kí ló ń fa eṣinṣin tí ò ní jíìnì Orco lọ sídìí fínígà?
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, mo ń wá ẹni tó mọ̀ nípa jíìnì eṣinṣin Drosophila (eṣinṣin kékeré tó máa ń bà lé èso) dáadáa. Jíìnì Or tí wọ́n fi ń gbọ́ òórùn tó nǹkan bí 60, àmọ́ Orco ni gbogbo wọn gbára lé, tí Orco bá ti bàjẹ́ báyìí ọ̀pọ̀ òórùn ni eṣinṣin yẹn ò ní gbọ́ mọ́. Èwo wá ni ti àwọn tèmi tí ò ní Orco tí wọ́n ṣì ń wọ́ lọ sídìí fínígà? Mo rò pé àwọn jíìnì Ir ni, torí àwọn yẹn ò nílò Orco, àwọn ló sì ń gbọ́ òórùn ásíìdì bíi ti inú fínígà, Ir75a pàápàá. Ṣùgbọ́n eṣinṣin tún máa ń fi ẹsẹ̀ tọ́ nǹkan wò (ìyẹn ṣì ń yà mí lẹ́nu gan-an o), ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n bá dúró síbẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa ya méjèèjì sọ́tọ̀? Ṣé kí n fi nẹ́ẹ̀tì bo fínígà kí ẹsẹ̀ wọn má bàa kàn án, àbí kí n wá eṣinṣin tí Ir8a (jíìnì tí Ir75a gbára lé) náà ti bàjẹ́ lára ẹ̀? Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ dákun ẹ dá mi lóhùn.