Èsì: “Ìwolẹ̀” kò lè gbé iṣẹ́ àwọn ọmọ El Paso

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kọ lánàá nípa ètò ìgbà ọlidé tí Yunifásítì Texas tó wà ní El Paso ṣe fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama tí ìran wọn ti Mẹ́síkò wá, kí wọ́n lè fọwọ́ ara wọn ṣe ìwádìí nípa ilẹ̀, òkúta àti omi. Nínú ìtumọ̀ Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n ṣe, wọ́n pe ìmọ̀ náà, “geoscience”, ní “ìwolẹ̀”, wọ́n sì pe àwọn ọmọ náà ní “ará Sípéènì”. Ó bí mi nínú.

“Wolẹ̀” là ń sọ fún ẹni tó fẹ́ fẹsẹ̀ kọ. Bí ohùn bá yí díẹ̀, ó di “wólẹ̀”. Bí a bá fi àmì sábẹ́ “o”, ó di “wọlẹ̀”, ti òkú. Ṣé orúkọ tí a ó fún ìmọ̀ nìyẹn?

“Wò” yẹn gan-an ló dùn mí jù. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú ohun tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń ṣe. Wọ́n á gún ẹ̀rọ kéékèèké tó ń gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń mì mọ́lẹ̀, wọ́n á tò wọ́n lọ gbọọrọ, ẹnì kan á wá fi òòlù ńlá lu àwo irin. Ìró náà á gba abẹ́ ilẹ̀ lọ: nínú àpáta á yára, nínú yanrìn gbígbẹ á máa fà. Àkókò tó fi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń mọ bí àpáta ṣe jìn tó. Kí ni ojú wò níbẹ̀? Yunifásítì yẹn pàápàá, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn awakùsà ni nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1914. “Wà” ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

“Ìwádìí ilẹ̀-ayé” ló tọ́. “Ìdí” ti wà nínú “wádìí” tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń wá ìdí nǹkan kò ní dúró lókè. Bàbá bàbá mi gbẹ́ kànga jẹun; ilẹ̀dú, amọ̀, yangí, àpáta, kò sí èyí tí kò ní orúkọ lẹ́nu wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹni tí kò kàwé nípa ìmọ̀ èdè dákẹ́, ta ló sọ yangí ní yangí?

“Ará Sípéènì” tí ẹ̀gbọ́n pe àwọn ọmọ náà nítorí èdè Sípéènì ńkọ́? Chihuahua, ìpínlẹ̀ kan ní Mẹ́síkò, ló wà lódìkejì odò El Paso, omi abẹ́lẹ̀ Hueco Bolson kan náà ni El Paso àti Juárez, ìlú kan ní Chihuahua, jọ ń fà mu. Ṣé a máa ń pe ará Nàìjíríà ní ará Ìlú Ọba torí pé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ méjèèjì kúrò kí ẹ tó fi ìtumọ̀ yẹn han àwọn olùkọ́.