Ṣé ọfọ̀ yìí ti lágbára jù fún eré wa, àbí kí n yọ ọ́ kúrò pátápátá?

Ẹni tó béèrè, Tankẹ, Ìlọrin
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ Dungeons & Dragons, eré tí a fi ẹnu pa ìtàn pọ̀ tí dáìsì sì ń pinnu ohun tó ṣẹlẹ̀, èyí tí à ń ṣe ní ọjọ́ Sátidé, ni mo gbé wá, ó sì ti fẹ́ sú mi. Yàrá mi la máa ń péjọ sí lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Èmi ni mò ń darí eré, èmi ni mò ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, èmi náà ni mò ń ra wàrà tí gbogbo wa ń jẹ, n kò sì ráhùn rí. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó ń ṣe oṣó láàárín wa ní ọfọ̀ kan tó ń sọ gbogbo iṣẹ́ mi di òfo. Mo jókòó ya àwòrán ihò kan tó wà lẹ́yìn omi tó ń já láti orí àpáta, bí omi Òwu ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Mo to àwọn ọlọ́ṣà síbẹ̀, mo fún olórí wọn ní orúkọ, mo sì kọ ọ̀rọ̀ tí yóò sọ sílẹ̀. Kí olórí ọlọ́ṣà tó la ẹnu, oṣó ti pe ọfọ̀ rẹ̀, gbogbo wọn dúró gbagidi, a sì pa wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ wa tó ń ṣe jagunjagun kò rí ogun gidi jà mọ́, àwọn tí kò lè mira ló kàn ń gún. Ó ti ń sọ pé bọ́ọ̀lù lòun yóò máa lọ wò ní Sátidé. Ṣé kí n yọ ọfọ̀ yìí kúrò?

Láti Ọ̀fà
Àbúrò, o sọ ti epo, o sọ ti wàrà, ṣùgbọ́n o kò sọ orúkọ ọfọ̀. Ìpele wo ni ọfọ̀ náà wà, ìpele wo ni oṣó fúnra rẹ̀ wà, kí sì ni ọ̀tá lè ṣe láti yẹ̀ ẹ́? A kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́, pàápàá nígbà tí a kò tíì gbọ́ orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn.

Láti Gáà-Àkànbí
Bí tiwa náà ṣe rí nìyẹn, Fireball, ọfọ̀ tó ń ju iná, ló sì fa tiwa. Ìwé olùdarí eré ti ọdún 2014 ní àtẹ kan tí a fi ń díwọ̀n ọfọ̀ tí ènìyàn bá fẹ́ ṣe fúnra rẹ̀. Fún ọfọ̀ ìpele 3 tó ń ba ọ̀pọ̀ ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan náà, dáìsì olójú mẹ́fà, 6 lónkà, ni àtẹ náà ní kí a fi ka ọgbẹ́. Dáìsì 8 ni Fireball ń jù, èyí tó máa ń fún wa ní nǹkan bí 28 bí a bá wo ìpíndọ́gba, ẹni tó bá sì yẹ̀ ẹ́ ṣì máa gba ìdajì. Ó kọjá òṣùwọ̀n tí àwọn tó ni eré fọwọ́ ara wọn kọ. Nítorí náà, yọ ọ́ kúrò, kí ọkàn rẹ balẹ̀.

Láti Àjàṣẹ́-Ìpo
Ẹ̀gbọ́n Gáà-Àkànbí, ẹ jọ̀ọ́, ọfọ̀ tirẹ̀ kì í ṣe Fireball. Ìdúró gbagidi ló sọ, kò sọ iná. A kò lè ka dáìsì láti díwọ̀n ọfọ̀ tí kì í ṣe ọgbẹ́ rárá. Ohun tí èmi máa ń béèrè ni pé: kí ni oṣó náà ná, kí ló lè bà á jẹ́ lẹ́yìn tó ti pè é, ṣé ọfọ̀ mìíràn sì wà ní ìpele kan náà tí ẹnikẹ́ni ṣì ń yàn? Bí ó bá jẹ́ pé kò sí oṣó tó ń ronú lẹ́ẹ̀mejì kó tó mú un, tí kò sì sí ogun tí kò bá a mu, ìgbà yẹn ni mo máa gbà pé ó ti pọ̀ jù.

Ẹni tó béèrè
Hypnotic Pattern ni. Ìpele 3 ni, oṣó wà ní ìpele 5. Ọwọ́ mi mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, inú ìwé ni ọfọ̀ náà ti wá, n kò fi ọwọ́ ara mi ṣe é.

Láti Ọmù-Àrán
Nígbà tí o ti dárúkọ rẹ̀, ó ṣeé sọ. Ọfọ̀ yẹn lágbára lóòótọ́: gbogbo ẹni tó bá rí i nínú àyè tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 30, tí dáìsì tí wọ́n jù láti yẹ̀ ẹ́ kò bá gbà wọ́n, kò ní lè ṣe ohunkóhun, wọn kò sì ní tún dáìsì jù nígbà tó bá kàn wọ́n bí ti Hold Person, ọfọ̀ mìíràn tó ń de ènìyàn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń dè é. Ẹni tí wọ́n bá ṣe léṣe jí nìyẹn, ọlọ́ṣà kan tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sì lè fi ìgbésẹ̀ tirẹ̀ gbọn ẹnìkejì jí. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni concentration, ìyẹn ni pé oṣó gbọ́dọ̀ máa di ọfọ̀ náà mú lọ́kàn. Bí ọfà kan bá bà á, ó gbọ́dọ̀ ju dáìsì olójú 20, kó sì dé 10, tàbí ìdajì ọgbẹ́ náà bí ìyẹn bá ju 10 lọ. Bí kò bá dé e, gbogbo wọn jí pọ̀. Àwọn tafàtafà ọlọ́ṣà rẹ ńkọ́? Ta ló ń ta ọfà lu oṣó?

Láti Ọ̀fà
Tàbí kí o kó àwọn ọ̀tá tí ọfọ̀ náà kò ràn wá. Àwọn golem olókùúta inú ìwé kò ṣeé fi irú nǹkan báyẹn mú. Fojú inú wò ó: ère òkúta bí àwọn ti Èsìẹ́, tí wọ́n dìde láti orí ìjókòó wọn. Jagunjagun yóò rí iṣẹ́ ṣe lọ́jọ́ yẹn.

Láti Àjàṣẹ́-Ìpo
Lẹ́ẹ̀kan péré, ó dára. Bí gbogbo ọ̀tá bá wá di òkúta láti Sátidé yìí lọ, ẹni tó ń ṣe oṣó yóò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí, yóò sì bínú. Mo ti jókòó sídìí irú eré bẹ́ẹ̀ rí, mo kúrò níbẹ̀ ni.

Ẹni tó béèrè
Ẹ̀gbọ́n Ọmù-Àrán, a kì í lo concentration. Mo yọ ọ́ kúrò láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ó máa ń dun ẹni tó bá na ọfọ̀ rẹ̀ tó gbówó lórí jù, tí ọfà kan ṣoṣo sì bà á jẹ́. Mo fẹ́ kí àwọn ènìyàn gbádùn ara wọn. Ogun kan ṣoṣo la sì máa ń jà ní Sátidé kan, torí a gbọ́dọ̀ parí kí Mọ̀gàríbì tó dé. Gbogbo ọfọ̀ máa ń padà bọ̀ kí a tó tún pàdé. N kò rò pé ìyẹn kan ọ̀rọ̀ yìí.

Láti Gáà-Àkànbí
O yọ concentration! O jẹ́ kí n máa ka dáìsì Fireball látàárọ̀!

Láti Ọmù-Àrán
Ó kàn án gan-an, àbúrò mi. Oṣó ìpele 5 lè pe ọfọ̀ ìpele 3 lẹ́ẹ̀mejì péré kó tó sùn, ó sì lè gba ọ̀kan padà bó bá sinmi díẹ̀ láàárín ọjọ́. Ìwé ọdún 2014 gbà pé ogun 6 sí 8 tó le díẹ̀ ni ẹgbẹ́ kan lè jà láàárín ọjọ́ kan. Ẹni tó ní mẹ́ta fún ogun mẹ́fà yóò ṣọ́ra ná an. Ẹni tó ní méjì fún ogun kan kò ní ìdí kankan láti ṣọ́ ọ ná. Jagunjagun rẹ, idà rẹ̀ kì í tán, àǹfààní tí eré fún un nìyẹn, o sì ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wò ó, n kò ní kí ẹ máa jókòó di òru. Pé ẹ̀yin lọ sílé kò túmọ̀ sí pé oṣó inú ìtàn ti sùn. Kọ iye ọfọ̀ tó ṣẹ́ kù sí ìwé, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, nínú ihò kan náà, ní ọjọ́ kan náà. Ìgbà tí ìtàn bá fún wọn ní ibi tó ṣeé sùn ni ọfọ̀ yóò padà.

Ẹni tó béèrè
Ti kíkọ ọ́ sí ìwé yẹn, n kò ronú kàn án rí, mo sì gbà. Concentration ni n kò fẹ́ dá padà. Mo ti ṣèlérí fún ẹni tó ń ṣe oṣó, àbúrò mi ni, yàrá kan náà la sì ń gbé.

Láti Àjàṣẹ́-Ìpo
Ṣé àbúrò rẹ ni oṣó látìgbà yìí? Jagunjagun mọ̀ pé àbúrò rẹ lo yọ òfin fún, ìyẹn gan-an ló ń lé e lọ sídìí bọ́ọ̀lù. Bá àbúrò rẹ sọ ọ́ nílé pé concentration ń padà bọ̀, kí Sátidé tó pé, má ṣe é lójú àwọn yòókù. Jẹ́ kó pààrọ̀ ọfọ̀ náà bó bá fẹ́, nígbà tó jẹ́ pé òfin tó fi yàn án ti yí padà.

Ẹni tó béèrè
Mo ti bá a sọ ọ́. Ó ní òun gbà, òun kò sì ní pààrọ̀ ọfọ̀ náà, ṣùgbọ́n kí jagunjagun máa dúró níwájú òun kí ọfà má bàa bà á. Mo ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí jagunjagun, mò ń retí èsì rẹ̀.